Bíà Dúdú Bàbá Ìbíwùmí

Ìgò kan dúró lórí àpótí láàárín èmi àti ẹ̀yin. Ó dúdú, ó dákẹ́, ó gbé èjìká sókè bí àlejò tó mọ̀ pé ìyàwó ilé kò fẹ́ òun.

Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni. Omi ń kán láti etí páànù sínú garawa tí mo gbé sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, ó ń kán tó, ó ń dákẹ́, ó ń kán tó. Ìkùukùu ń gbéra kúrò lórí òkè Ìgbájọ díẹ̀díẹ̀. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kò tíì kọjá jìnnà. Ẹ jókòó sórí àga yín ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ fi aṣọ òfì bo itan, ẹ sì tẹjú mọ́ ìgò yìí bí ẹni pé òun ló ti ń wẹ̀ yín láti ọjọ́ yìí.

Bàbá Ìbíwùmí, ọ̀rọ̀ yín sú mi. Mo fẹ́ sọ ọ́ nínú ọkàn mi kí n tó ṣí ìgò, kí ó má baà di pé ọtí ló sọ ọ́. Ó sú mi láàárọ̀, ó sú mi lọ́sàn-án, ó sì tún sú mi nísinsìnyí tí òjò dá, tí ara gbogbo ayé tù.

Oṣù mẹ́ta rèé tí ibà dè yín mọ́lẹ̀, tó sì tú yín sílẹ̀. Ibà lọ, ó gbé ẹnu yín lọ. Ikọ́ lọ, ó gbé imú yín lọ. Ohun gbogbo tí mo bá gbé síwájú yín, ẹ ó tọ́ ọ wò, ẹ ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ ó ní kò dùn, kò korò, pé òwú ni. Òwú. Ẹ̀yin tí ẹ fi ọgbọ̀n ọdún tún ẹ̀rọ ìhunṣọ ṣe, ẹ mọ òwú ju oúnjẹ lọ.

Mo gún iyán, ẹ ní òwú ni. Mo se ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ pẹ̀lú irú àti ẹja gbígbẹ, òórùn rẹ̀ mú kí aládùúgbò yọjú lórí ògiri, ẹ ní òwú ni. Mo sun iṣu, mo da epo tuntun lé e, òwú. Mo ra àparò lọ́wọ́ ọdẹ, mo sè é títí ó fi rọ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ fi ìka kàn án, ẹ ní kí n gbé e fún ajá.

Ajá jẹ ẹ́. Ajá ló jẹ gbogbo rẹ̀. Àwọn àgbà ní a gún iyán sínú ewé, a se ọbẹ̀ sínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tí yóò yó yóò yó. Nílé yìí, ajá nìkan ló ń yó. Ó ti sanra débi pé kò lè gbó àlejò mọ́.

Èmi ni mo ń wẹ̀ yín, èmi ni mo ń rí egungun ìhà yín. Sòkòtò tí ẹ wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Àjíǹde, okùn ni mo fi so ó mọ́ yín nídìí lónìí. Dókítà ní ibà ti tán nínú ẹ̀jẹ̀, oúnjẹ ló kù. Ó ní bí ẹ kò bá jẹun, oògùn kò ní rí ibi dúró sí nínú ara. Ó sọ ọ́ lójú yín. Nígbà tó sìn mí dé ẹnu ọ̀nà, ó tún un sọ fún èmi nìkan, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀. Ohùn rírẹlẹ̀ yẹn ni mo gbé wálé, òun ni mo ń bá sùn, òun ni mo ń bá jí.

Ẹ wá wo ohun tí ẹ bèèrè. Lọ́jọ́ kan tí ẹ ti kọ ọbẹ̀ mi lẹ́ẹ̀mejì, ẹ la ẹnu. Inú mi dùn, mo sún mọ́ yín, mo rò pé ẹ fẹ́ jẹun. Ẹ ní ẹ̀ ń rò ó pé bíà dúdú tí ẹ máa ń mu ní Bírádífọ́ọ̀dù láyé ọjọ́un, bí ẹ bá lè rí ìyẹn, bóyá ẹnu yín á dá a mọ̀.

Bíà. Èmi tí mo jẹ́ ìyá ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi. Èmi tí mo fi ọgbọ̀n ọdún sọ fún àwọn ọmọge ìjọ pé kí wọ́n má fẹ́ ọ̀mùtí. Mo ní iyán, ẹ ní bíà. Mo ní ẹ̀fọ́, ẹ ní bíà. Kò tún wá jẹ́ bíà tó wà nítòsí. Bíà tó wà lókè òkun ni, nínú ìlú olótùútù kan tí èmi ò fi ẹsẹ̀ tẹ̀ rí.

Ó lé ní ogójì ọdún tí mo ti ń gbọ́ ìròyìn ọtí yìí. Ọdún márùn-ún péré ni ẹ lò níbẹ̀, tí ẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ìhunṣọ, tí èmi sì wà nílé pẹ̀lú oyún, lẹ́yìn náà pẹ̀lú ọmọ. Ṣùgbọ́n bí ọyẹ́ bá dé, ẹ ó rántí bíà. Bí òjò bá pẹ́, ẹ ó rántí bíà. Ẹ ní wọ́n máa ń fi ọwọ́ fà á láti inú yàrá abẹ́ ilẹ̀, bí ẹni ń fa omi kànga. Ẹ ní kì í tutù bíi yìnyín, kì í sì í lọ́ wọ́ọ́rọ́, pé bí inú ilẹ̀ bá ṣe tutù mọ ni òun náà ń tutù mọ. Ẹ ní bí ẹ bá kúrò nílé iṣẹ́, tí òtútù ti jẹ ìka yín, ẹ ó jókòó nídìí iná èédú, ẹ ó gbé ife dání, ẹ ó sì dákẹ́. Nígbà tí ẹ bá sọ ọ́ débẹ̀, ẹ máa ń dákẹ́ lóòótọ́, ojú yín á sì kúrò nílé.

Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni kò jẹ́ kí n gbádùn. Nígbà tí a wà ní Ìkẹjà, mo ra bíà dúdú kan fún yín nílé ọtí tó wà lódìkejì títì. Mo bò ó mọ́ abẹ́ aṣọ gbé e wálé. Ẹ mu ún, ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun. Ẹ̀rín yẹn dùn mí. Mo ní lọ́kàn mi pé ọtí kan kì í dá wà nínú ọkàn ọkùnrin fún ogójì ọdún. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń bù ú. Mo ti ya àwòrán rẹ̀ fúnra mi. Ó ga, irun rẹ̀ pọ́n, apá rẹ̀ sì lágbára nítorí ọtí tó ń fà. Mi ò bèèrè orúkọ rẹ̀ rí, ẹ̀yin náà ò sọ ọ́.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Òwú ni ẹ̀yin ń jẹ láti oṣù mẹ́ta. Owú ni èmi ń jẹ láti ogójì ọdún.

Síbẹ̀, mo pe Ìbíwùmí ọmọ wa ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ náà wọ ọkọ̀ ojú irin, ó lọ sí Bírádífọ́ọ̀dù, ó wọ ilé ọtí mẹ́ta níbi tó ti ń bèèrè ohun tí bàbá rẹ̀ mu kí wọ́n tó bí i. Ó rí i níbi kẹta. Ó fi súwẹ́tà wé e, ó fi rán ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń bọ̀ wálé. Ìgò kan ṣoṣo. Wọ́n ya ẹṣin kan sí i lára, ẹṣin onírun lẹ́sẹ̀, tó ń fa àgbá.

Lẹ́yìn náà ni ìlànà bẹ̀rẹ̀ lórí fóònù. Kí n má gbé e sínú fíríìjì. Kí n dá a dúró ṣánṣán fún ọjọ́ méjì, nítorí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ wà nísàlẹ̀ rẹ̀, kí ó lè rẹlẹ̀. Kí n má fi ife onírin bù ú. Kí n fi ife gíláàsì dagẹ̀rẹ̀, kí n máa da ọtí sí i lára pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí n sì fi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sílẹ̀ nínú ìgò. Ọjọ́ tí mo gbé Ìbíwùmí fúnra rẹ̀ wálé láti ilé ìgbẹ̀bí, àwọn nọ́ọ̀sì kò kì mí nílọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Mo ṣe gbogbo rẹ̀. Mo wá ibi tó tutù jù nílé, ẹ̀bá amù ni, mo dá ìgò dúró síbẹ̀. Ọjọ́ méjì ni mo fi ń rọra bu omi kí n má baà fara kàn án. Mo bèèrè lọ́wọ́ dókítà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìdajì ife kò ní pa yín, pé ohunkóhun tó bá lè ṣí ẹnu yín, kí n gbé e wá. Mo ti ilẹ̀kùn iwájú kí ìyá ìjọ kankan má baà yà. Mo jókòó tì yín. Mo gbé ìgò.

Ẹ wò ó, ọwọ́ mi kò bi mí léèrè. Ó gbá ìgò mú lọ́rùn, ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n. Ó gbọ̀n ọ́n, ó gbọ̀n ọ́n, ó gbọ̀n ọ́n. Ẹ̀ẹ̀mẹta gbáko.

Ta ni yóò bá mi wí? Ohun dúdú nínú ìgò, ohun kíkorò nínú ìgò, ohun tó ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ nísàlẹ̀, tí a fẹ́ fún aláìsàn mu, kí là ń pè é nílẹ̀ yìí? Àgbo ni. A kì í sì í mu àgbo láìgbọ̀n ọ́n. Oṣù mẹ́ta ni mo ti ń gbọn àgbo ibà yín láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Ọwọ́ tí a fi iṣẹ́ kọ́, ó ti ṣe iṣẹ́ tán kí orí tó jí.

Mo rí ojú yín. Mo wo ìgò. Ó ti pẹ́ jù, mo ti fi ìdí ṣíbí gbé ìdérí rẹ̀.

Ó bú jáde. Ìfófó aláwọ̀ ilẹ̀ hó, ó hó ṣùùrù, ó ṣàn sí ọwọ́ mi, ó ṣàn sórí àpótí, ó ta sí ìró mi, ó sì ń bọ̀ síbẹ̀. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ dí i, ó gba àárín ìka mi kọjá. Ọkọ̀ ojú irin, ọkọ̀ òfuurufú, súwẹ́tà, ọjọ́ méjì lẹ́bàá amù, gbogbo rẹ̀ ń kán sórí ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ pa ojú dé. Ì bá sàn kí ẹ sọ̀rọ̀.

Inú bí mi. Inú bí mi sí ọwọ́ mi, ó bí mi sí ìgò, ó bí mi sí ẹṣin onírun lẹ́sẹ̀ tó ń wò mí. Ó bí mi sí yín jù lọ, ẹ̀yin tí kò sí ohun tí ẹ lè fẹ́ lórí ilẹ̀ ayé àfi ohun tí ọwọ́ mi kò mọ̀.

Ìfófó rọlẹ̀ níkẹyìn. Ó kù ju ìdajì ìgò lọ díẹ̀. Mo fi ife dagẹ̀rẹ̀ bí ọmọ yín ṣe wí, ó kéré tán kí n ṣe ìyẹn dáadáa, mo sì da ọtí sí i. Kò mọ́ gaara. Ọmọ yín ní bí mo bá gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, mà á rí i kó pọ́n rokiroki ní etí. Èyí kò pọ́n, kò mọ́. Ó rú bí odò Ọ̀yì lẹ́yìn òjò. Ìdajì ife ọtí dúdú tó rú, tó ń ta ìfófó wẹ́wẹ́ sókè.

Mo nà án sí yín. Ẹ ò gbà á.

Ẹ la ojú, ẹ wò ó, ẹ na ìka kan sí ife, ẹ sì na ìka náà sí ẹnu mi. Kò yé mi. Ẹ tún un ṣe. Ó wá yé mi, inú sì tún bí mi lákọ̀tun, nítorí òfin ilé ìyá mi ni ẹ̀ ń fi dè mí.

Ìyá mi, Ìyá Oníṣẹ̀kẹ̀tẹ́, tí wọ́n ń pọn ọtí ọkà tà, tí gbogbo àdúgbò mọ̀. Nílé tiwọn, ẹni tó bá bu ọtí ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Wọn kì í gbé ahá fún àlejò láìjẹ́ pé wọ́n ti fi ètè tiwọn kàn án. Wọ́n á ní ọtí tí ẹni tó pọn ún kò lè mu, ta ni kó mu ún? Ogún ọdún ti kọjá lórí ikú wọn. Ọgbọ̀n ọdún ti kọjá lórí ẹ̀jẹ́ mi pé ọtí kò ní kan ètè mi mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ kò rántí láti jẹun, ẹ rántí ìyẹn.

Ó dáa. Ọlọ́run rí ọkàn mi. Mo gbé ife sí imú, mo dá a padà. Mo gbé e sí ètè. Mo mu díẹ̀.

Ó korò. Kì í ṣe ìkorò ewúro tó ń kọjá lọ bí a bá gbé omi mu. Ó jókòó sórí ahọ́n, ó na ẹsẹ̀. Mo fajú ro. Mo fẹ́ tu ú dànù. Èyí? Nítorí èyí? Ogójì ọdún nítorí èyí?

Ìkorò rọra sún kúrò. Ìkan kan wà lẹ́yìn rẹ̀, ìkan díẹ̀ tó ń ta ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó korò, kò korò jù. Ó kan, kò kan jù. Lẹ́yìn ìkan, adùn ọkà tó ti hù, ọkà tí a sá, ọkà tí a sè pẹ́. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tí mo gbọ̀n sókè kún ahọ́n mi, ó nípọn, ó ń yọ̀. Nísàlẹ̀ gbogbo rẹ̀, nísàlẹ̀ pátápátá, mo bá iná pàdé.

Mo mọ iná yìí.

Mo mọ̀ ọ́n. Omi ń kán tó sínú garawa. Mo tún mu díẹ̀, kí n lè dá ara mi lójú, kì í ṣe nítorí ohun mìíràn.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí, nílé ìyá mi. Ìkòkò ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ wà lórí iná, ìyá mi sì ti fi igi ìròkà lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní bí mo bá dáwọ́ dúró, ọkà á di mọ́ ìdí ìkòkò. Mò ń rò ó. Ọkùnrin kan wá tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe ní ojúde tó dojú kọ tiwa. Ó bọ́ ẹ̀wù, ó ká ẹsẹ̀ sòkòtò, ó ń kọrin tí kò lè kọ. Mo fi ojú kan wo ìkòkò, mo fi ojú kan wò ó. Kò pẹ́, mo fi ojú méjèèjì wò ó. Ìgbà tí òórùn gba imú mi, ìdí ìkòkò ti jó.

Ìyá mi sọ igi náà lù mí lórí. Ọkà odindi ọ̀sẹ̀ kan nìyẹn, wọn kò lè dà á nù. Wọ́n sẹ́ ẹ, wọ́n fi í sílẹ̀ kó kan. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ó dúdú, ó ń rùn bí èédú. Àwọn oníbàárà tọ́ ọ wò, wọ́n gbé ahá sílẹ̀, wọ́n rántí ibòmíràn tí wọ́n ń lọ. Ìyá mi jókòó ti ìkòkò kíkún.

Ọkùnrin ẹ̀rọ ìránṣọ wọlé. Ó ní òun gbàgbé ìdè ẹ̀rọ kan sí ojúde tó dojú kọ tiwa, kò sì lọ síbẹ̀. Ọ̀dọ̀ wa ló yà sí. Ìyá mi bu ọtí, wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n fajú ro, wọ́n gbé e fún un. Ó mu ún tán. Ó nu ẹnu. Ó wo èmi, kò wo ìyá mi, ó ní ó jóná díẹ̀. Ó ní kí wọ́n bù sí i.

Ẹ mu ahá mẹ́rin lọ́jọ́ náà. Ẹ padà wá lọ́jọ́ kejì, ẹ mu ìyókù. Ìyá mi ní kí n má wulẹ̀ wá ọkọ mọ́, pé ẹni tó lè mu èyí lè bá mi gbé. Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn ìgbéyàwó ni ẹ wọ ọkọ̀ òfuurufú. Láti ọjọ́ tí ìkòkò yẹn ti jó, ìyá mi kò jẹ́ kí ìkòkò kankan jó mọ́. Iná yẹn kù sílẹ̀ nígbà náà, mo ti gbàgbé rẹ̀ pátá.

Ẹ̀yin kò gbàgbé rẹ̀. Ẹ dé ìlú olótùútù, ẹ wọ ilé ọtí, ẹnìkan gbé ife dúdú kan síwájú yín, ẹ sì bá mi nísàlẹ̀ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń dákẹ́. Ìdí nìyẹn tí ojú yín fi ń kúrò nílé. Ilé ló ń lọ. Obìnrin tí mo ya àwòrán rẹ̀, tí mo fún ní irun pípọ́n, tí mo bá jà lójú oorun, èmi ni. Èmi ni mo ń jowú ara mi.

Bàbá Ìbíwùmí, irú èèyàn wo lẹ jẹ́? Kí ló dí yín lẹ́nu? Lẹ́tà mélòó lẹ kọ láti ibẹ̀, tí ẹ ròyìn òjò, tí ẹ ròyìn èédú, tí ẹ ròyìn bàtà tó ń jò? Ìlà kan péré ni ì bá gbà. Ẹ ì bá ní ọtí kan wà níbí tó ń rántí yín létí èmi. Mi ò ní gbọ́? Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Tèmi náà sì bá yín dákẹ́ fún ogójì ọdún. Mo fẹ́ fi ṣíbí yìí lù yín lórí bí ìyá mi ṣe lù mí. Mo fẹ́ sunkún. Mo fẹ́ràn yín gan-an, inú sì ń bí mi burúkú.

Mo na ife sí yín. Lọ́tẹ̀ yìí ẹ gbà á. Mo fi ọwọ́ tèmi gbé e nísàlẹ̀.

Ẹ mu ún.

Mò ń wo ọ̀fun yín. Ó gòkè, ó sọ̀ kalẹ̀. Omi kán tó. Ojú yín wà bó ṣe wà, bó ṣe wà níwájú iyán, bó ṣe wà níwájú àparò. Omi kán tó. Mo ti ń retí òwú. Mo ti ń ro ohun tí mà á sọ fún Ìbíwùmí, mo ti ń gbọ́ ohùn rírẹlẹ̀ dókítà lẹ́nu ọ̀nà. Bí èyí kò bá wọlé, mi ò mọ ohun mìíràn tó kù tí mà á gbé síwájú yín.

Ẹ wá fajú ro.

Imú yín sún kì, iwájú orí yín ká jọ, ètè yín fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Láti oṣù mẹ́ta, ẹ kò fajú ro sí ohun kan tí mo sè. Ẹni tí kò mọ ìtọ́wò kò ní ohun tí yóò fajú ro sí. Ẹ fajú ro dáadáa báyìí. Mi ò rí ojú tó burú tó bẹ́ẹ̀ tó sì dára tó bẹ́ẹ̀ rí.

“Àwẹ̀ró,” ẹ ní, “ó jóná díẹ̀.”

Mo fi etí ìró mi nu ojú mi.

Ẹ na ife sí mi.

“Bù sí i.”

Dókítà ní ìdajì ife. Ọmọ yín ní kí n fi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sílẹ̀. Mo gbé ìgò, mo fi àtàǹpàkò dí i lẹ́nu, mo gbọ̀n ọ́n lójú yín, ẹ̀ẹ̀mẹta, mo da gbogbo rẹ̀ sí ife títí ìgò fi kán èyí tó kẹ́yìn. Omijé ń bọ́ lójú mi, kò sì dí mi lọ́wọ́ láti máa bá yín jà nínú ọkàn mi.

Ìgò dúró lórí àpótí láàárín èmi àti ẹ̀yin. Ó ti ṣófo, ó sì ti rẹ ẹṣin ara rẹ̀. Ẹ gbá ife mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ẹ̀ ń mu ún, ẹ̀ ń fajú ro, ẹ̀ ń mu ún. Mo dìde, mo wọ ilé ìdáná, mo gbé ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ tó kù kaná, mo sì dúró tì í, mò ń rò ó.

Ajá gbọ́ ìró ìkòkò. Ó dìde, ó na ara, ó ń ju ìrù bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní kó padà lọ jókòó.